Bàtà Tí Mo Fún Àǹtí Kúdí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ kí n búra, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àǹtí Kúdí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Tíṣà ni wọ́n ní Odògbolú níbí. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán lọ́dún náà, wọ́n ní kí n bá àwọn ra bàtà wẹ́jì n'Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ga díẹ̀ àmọ́ tí ẹsẹ̀ ò ní máa dun àwọn bí àwọn bá dúró kọ́ ọmọ látàárọ̀, tó sì máa bá gbogbo aṣọ mu.

"Ìyàwó, ojú ẹ mọ nǹkan tó dáa." Báyìí ni wọ́n wí.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàfù tó ń ta bàtà níbẹ̀ ni mo ti rà á. Ó wù mí, mo bá ra tèmi náà, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú bàtà méjèèjì ti ń ṣí. Mo fi fóònù pe Ìyá Sàfù.

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ o! Gbé e padà wá, màá pààrọ̀ ẹ̀."

Mi ò gbé e padà. Ó rẹ̀ mí láti tún lọ wọkọ̀. Mo fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, mo sì gbé e fún Àǹtí Kúdí. Èyí tó dáa ni mo mú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàtà náà tú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé. Egungun ìbàdí wọn fọ́. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí dòní.

Ilé ọkọ mi ránṣẹ́ pe Ìyá Sàfù. Ìyá Sàfù ní àwọn ti kìlọ̀ fún mi. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Irọ́ ni. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi ni gbogbo ilé gbà gbọ́.

Ní báyìí, àbúrò ọkọ mi fẹ́ fẹ́ Sàfù. Ilé kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọ oníjìbìtì. Ìyá Sàfù ní kò yẹ kí ọmọ àwọn jìyà ohun tí àwọn ò ṣe. Wọ́n ní kí èmi àti àwọn wá búra níwájú áfáà. Àǹtí Kúdí wá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Má bẹ̀rù, Ìyàwó. Ẹ̀gbẹ́ ẹ ni màá jókòó sí."

Tí mo bá ń kírun, mi ò mọ ibi tí mo bá a dé. Mi ò lè fi irọ́ búra. Tí mo bá sì sọ òótọ́, ọkọ mi lè ní kí n máa lọ sílé bàbá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: Ìyá Sàfù tí mo bà lórúkọ jẹ́ ni, àbí Àǹtí Kúdí, tí wọ́n ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú àwọn?