Ìyá Mi Ni Mo Sọ Di Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti wú. Kì í ṣe pé ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí. Mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn tó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún, wọn kò gbà mí gbọ́. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: èmi kì í ṣe arúgbó. Mo lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni, mo sì lè gbé àpò gàárì láti ìdí iná dé etí títì láì sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní kánsù wa, ìyá arúgbó ni wọ́n mọ̀ mí sí. Èmi gan-an ni olórí àwọn arúgbó.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ẹ̀rúnmu. Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn, gàárì la ń yan. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kánsù ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti lọ sí ìgboro tán, àwọn òbí nìkan ló kù lóko, kò sì sẹ́ni tó ń bojú tó wọn. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé kan sí abúlé tí àgbà bá ti pọ̀ jù lágbègbè wa. Nọ́ọ̀sì á máa wá síbẹ̀ ní gbogbo Alàmísì, àga á wà tí àwọn àgbà á máa jókòó sí, omi ẹ̀rọ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà.

Omi ẹ̀rọ yẹn ni ojú mi wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ kún irọ́. Ẹni tó bá ń fọ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé odò ló ti ń pọn omi wá, onítọ̀hún mọ ohun tí mò ń sọ.

Baálẹ̀ wa ní kí gbogbo àgbà jáde lọ́jọ́ tí kánsù bá fẹ́ wá wò wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò sí nílé. Ọ̀kan ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Òmíràn ti kú, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ ẹ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tí wọ́n dàgbà jù lọ ní gbogbo abúlé, wà ní Olódò nílé àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n ń bá ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. A tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n ní àwọn ò lè torí kánsù fi ọmọ jòjòló sílẹ̀, pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn, kánsù ò fún àwọn ní iyọ̀ lá rí.

Bẹ́ẹ̀ la sì gbọ́ pé abúlé kejì ti ń yá arúgbó. Wàláhì, wọ́n ń yá wọn bí ẹni ń yá àga ìnáwó.

Èmi ni mo dá àbá náà, mi ò ní dì í ru Baálẹ̀. Irun mi ti funfun láti ìgbà tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, bó ṣe rí nílé bàbá mi nìyẹn. Eyín iwájú mi méjì sì ti lọ níjọ́ tí mo yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Wọ́n ní ewú logbó, ṣùgbọ́n ewú tèmi ò mọ ogbó rí. Mo sọ fún Baálẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ṣáà pe orúkọ ìyá mi. Èmi ni màá dáhùn."

Baálẹ̀ wo orí mi, wọ́n wo ẹnu mi. Wọ́n ní, "Ṣé o lè tẹ̀ díẹ̀?"

Mo tẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ti tó. Má tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má lọ gbé ọ dé ọsibítù."

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ró ìró ìyá mi, mo jókòó ti Baálẹ̀. Ọmọbìnrin tí kánsù rán wá kúnlẹ̀ kí mi. Kò lè ju ẹgbẹ́ àkọ́bí mi lọ. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, mo ní láyé tiwa, a kì í kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní kí ni nǹkan tí mo rántí tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yá jù. Mo ní mo rántí ogun Ìjàyè.

Ogun Ìjàyè, ẹ jọ̀ọ́! Ìyá ìyá mi gan-an kò bá ogun yẹn. Baálẹ̀ wúkọ́ títí, wọ́n ní, "Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wọn ni. Wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́ tiwọn."

Baálẹ̀ tó jẹ́ pé "ìwọ obìnrin yìí" ni wọ́n máa ń pè mí, "wọ́n" ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ojú ò tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn mọ́ mi gidi.

Abúlé wa ló gba ilé náà. Omi ẹ̀rọ yọ, gbogbo wa jó. Kánsù fi mí ṣe olórí àwọn arúgbó, wọ́n fún mi ní ọ̀pá, wọ́n sì fún mi ní ìgò ojú tí kì í jẹ́ kí n ríran. Láti ìgbà náà, tó bá ti di Alàmísì, mo ti di arúgbó. Tí ilẹ̀ Jímọ́ọ̀ bá mọ́, ara mi á tún yá. Ọkọ mi ní àwọn ò mọ̀ pé ìyá àgbà làwọn fẹ́. Tí mo bá jókòó, wọ́n á ní, "Mama, ṣé kí n gbé yín dìde?"

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kánsù yẹn yọ sí wa ní Àtàláátà, láì sọ tẹ́lẹ̀. Òjò ti ṣú, mo gbé àpò ẹ̀gẹ́ lérí, mò ń sá bọ̀ wálé. Ó kígbe, "Mama!" Mo rọra sọ àpò náà kalẹ̀, mo di ìbàdí mú, mo ní, "Ọmọ mi, gbà mí o. Mi ò mọ ẹni tó gbé e rù mí." Ẹkún ló bú sí. Ó kọjú sí ọkọ mi, ó ní ṣé ojú ò tì wọ́n tí wọ́n fi ń lo ìyá wọn bí ẹrú. Ọkọ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sùn.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Mo máa ń rò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ìyá mi ti Olódò dé ni eré náà di ẹkún.

Ẹsẹ̀ wọn ti wú nígbà tí wọ́n dé. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n rí ilé tuntun, wọ́n ní kánsù ti gbọ́n wàyí, àwọn á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní Alàmísì. Èmi àti Baálẹ̀ bá jókòó tì wọ́n, a ṣàlàyé. Mo ní, "Màmá, orúkọ yín ti wà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹ̀yin."

Wọ́n ní, "Bí o bá ti di èmi, ta wá ni mí?"

Mo ní, "Ẹ máa jẹ́ àbúrò mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé ìbínú wọn tó bá ti burú jù, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín.

Ní Alàmísì, mo mú wọn lọ. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi nìyí."

Nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo àwọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n jọ o, mama."

Mo ní, "Ìyà ló jẹ ẹ́."

"Ìyà ló jẹ ẹ́." Obìnrin tó wẹ̀ mí, tó pọ̀n mí, ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Kí n tó gbé ẹnu kúrò, ìyá mi ti tẹ orúnkún díẹ̀ síwájú mi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o, ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú mi. Ẹ máa pẹ́ láyé." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ mọ ohun tí "ẹ" yẹn ṣe lára mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìyá mi kò "ẹ" mí rí.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa. Tèmi dára. Tiwọn ti lọ sókè jù. Ó wá ń bá wọn wí pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣàìsàn! Ẹ ò wo bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń tọ́jú ara wọn?" Ìyá mi ní àwọn á máa wo àwòkọ́ṣe mi.

Ibi tó bàjẹ́ sí nìyí. Nọ́ọ̀sì ní dandan ni kí dókítà rí ẹsẹ̀ wọn. Kánsù ní ọkọ̀ tó máa ń gbé àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà n'Ìbàdàn, àmọ́ ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún nìkan ló ń gbé. Àbúrò mi kò tíì lé ní ọgọ́rin. Èmi ni mo lé nínú ìwé wọn. Èmi ni wọ́n gbé. Mo jókòó síwájú, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Dókítà gbá mi lórúnkún, ó ní egungun mi le bí irin. Lọ́jọ́ kan náà, ìyá mi gun ọ̀kadà kí àwọn náà lè rí dókítà. Ọ̀kadà yẹn yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì gbé wọn ṣubú.

Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun kankan ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún wọn wú bí àgbọn. Orí ẹní ni mo bá wọn, wọ́n ń fi òrí ra á. Bisikíìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wólẹ̀ síwájú wọn, mo ń sunkún. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé dókítà ní ẹ ò ní kú?"

Kò sí ọmọ kánsù kankan níbẹ̀. Èmi àti àwọn nìkan la wà nínú yàrá.

Mo rò pé tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á jáwọ́. Wọn ò jáwọ́. Láàárọ̀, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní ó dìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá bu òkèlè kí àbúrò tó jẹun. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún nídìí iná, màá ní èéfín ni.

Ni mo bá pinnu. Ní Alàmísì tó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ̀pá nù, mo nàró ṣánṣán níwájú nọ́ọ̀sì àti ọmọbìnrin kánsù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi lọmọ. Ìyá mi nìyí. Àwọn ni kẹ́ ẹ máa gbé nínú ọkọ̀."

Àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn. Nọ́ọ̀sì rọra di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mama, ọjọ́ wo lòní?"

Mo fi ìkánjú dáhùn. Mo ní, "Alàrùba."

Ó mi orí. Ọmọbìnrin kánsù ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun ti fura, nígbà tí mo ní mo rántí ogun Ìjàyè. Nọ́ọ̀sì bi ìyá mi bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí báyìí. Ìyá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti ṣe díẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣarán."

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tèmi bá irọ́ lóòótọ́, wọ́n ní arán ló ń ṣe é. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí n dá nìkan jáde mọ́.

Baálẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní tí mo bá tún là á, kánsù á gba nọ́ọ̀sì padà, wọ́n á sì ti omi pa, ọrùn mi ni gbogbo abúlé á sì wà. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Àwọn àgbà tí kò rí ẹni wò wọ́n tẹ́lẹ̀ ti ń rí ìtọ́jú báyìí. Mo ti fúnra mi háyà ọkọ̀, mo ti gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tá a délé, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà àná, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí." Wọ́n ní ta làwọn tí àwọn á fi gbá ẹ̀gbọ́n àwọn létí. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ìwọ̀nba orúkọ tí bàbá mi fún mi ni mo ní. Ọjọ́ tí kánsù bá dá a padà fún mi, ẹ ó padà di ọmọ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo lẹni tí wọ́n ti ní ó ń ṣarán ṣe ń jẹ́wọ́? Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ ní kánsù, ẹ má wá ní Alàmísì. Ẹ wá ní Àtàláátà. Ẹ máa bá mi lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́, ẹ má sunkún nítorí mi. Ẹ bi mí pé ìyá mi ń kọ́, màá mú yín wọlé lọ bá wọn. Àwọn ni kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ fún. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi omi àti nọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún abúlé, torí kò sí ẹni tó rán mi pé kí n purọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo ṣì mọ ọ̀nà odò.

Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi orí jì mí. Ẹ ṣáà bá mi wá bí ìyá mi ṣe máa tún nàka sí mi lójú, kí wọ́n ní, "Ìwọ ọ̀dájú ọmọ yìí."