Ìlà Funfun Lára Kóòṣì Bàbá

Rárá o, Bàbá Kékeré, ẹ má jókòó! Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn, lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa wò ó. Ẹ wo kóòṣì rélùwéè kékeré tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kàn yẹn dáadáa lórí tábìlì, ẹ wo ìlà funfun tí ẹ ní kí n fà sí i lábẹ́ fèrèsé, kí ẹ wá wò mí lójú kí ẹ sọ pé ẹ ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ yín ṣe káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè! Ẹ̀yin àti Bàbá, ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń bá wọlé, igi ni tiyín, ọ̀dà ni tiwọn. Ẹ ní ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Ta lẹ fẹ́ pa ìtàn yẹn fún?

Kí n rọra? Èmi, kí n rọra? Bàbá mi wà lórí ibùsùn ọsibítù, iṣẹ́ abẹ wọn lọ́la, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí dókítà lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, àwọn ò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kankan mọ́. "Wọ́n ti kùn mí lọ́dà tán nílé, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ̀bẹ wá nínú mi?" Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wọn jáde nìyẹn o! Dókítà sì ti sọ pé tí wọn ò bá ṣe é lọ́la, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀tunla. Ẹ gbọ́? Kò lè fọwọ́ sọ̀yà! Ẹ wá dúró síbẹ̀, ẹ ń họ imú, ẹ ní kí n rọra.

Ọwọ́ mi lẹ fi ṣe é. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ẹ ò rí ọwọ́ ẹlòmíràn lò nínú gbogbo ayé, àfi ọwọ́ ọmọ tí ọkùnrin yẹn bí!

Ṣebí ẹ̀yin lẹ wọlé tọ̀ mí wá nígbà tí wọ́n gbé Bàbá lọ, tí ilé pa rọ́rọ́, tí mo jókòó sórí àga yẹn tí mò ń tẹ fóònù tí n ò mọ ohun tí mò ń tẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ pè mí ní Ọmọ Fóònù, orúkọ tí ẹ máa ń fi bú mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ fi ṣìkẹ́ mi. "Ọmọ Fóònù, ìwọ tí o fi fóònù kọ́ iṣẹ́ ìbọn tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, ṣé o ò ní bá bàbá rẹ tún kóòṣì rẹ̀ kùn, kí inú rẹ̀ lè dùn?" Yéè! Bí ẹ ṣe wí i gan-an nìyẹn, ohùn yín dùn bí oyin, mo sì lá a. Oyin tó ní májèlé nínú!

Ẹ sì mọ ohun tí kóòṣì yẹn jẹ́ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, pákó ni, páálí ni, idẹ àlòkù ni, ó gùn débi pé ẹnìkan ò lè dá a gbé, ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí, ìjókòó wà nínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún, àwọ̀ ewé. Tí inú bá bí wọn sí ẹnikẹ́ni nílé yìí, ẹ̀yìn kóòṣì yẹn ni wọ́n máa ń lọ jókòó sí, wọ́n á máa fi aṣọ nù ún títí inú wọn á fi rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àfi èmi. Wọ́n ní ọwọ́ mi fẹ́lẹ́.

Mo ní kí n fín àwọ̀ ewé padà. Ẹ ní rárá. Ẹ ní aró ni, aró tó dúdú. Ẹ wá ní kí n fa ìlà funfun tín-ín-rín lábẹ́ gbogbo fèrèsé, kó ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kí n gé e lábẹ́ ilẹ̀kùn gáàdì tó ń ṣọ́ ọkọ̀, kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi yín léèrè! Ẹ má jẹ́ ká jọ purọ́ o, mo bi yín! Mo ní, "Bàbá Kékeré, àyè kí ni?" Ẹ ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tiwa nìyẹn." Ojú yín ò sì sí lọ́dọ̀ mi nígbà tí ẹ ń wí i, ojú yín wà lára ògiri pálọ̀. Mo ti mọ ohun tí ẹ ń wò báyìí. Ẹ ń wo bí ilé tí ẹ fẹ́ jogún ṣe fẹ̀ tó.

Mo ṣiṣẹ́ yẹn bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun, Ọlọ́run ló rí mi. Mo fi tínà bó ọ̀dà àtijọ́, mo fi sáńpépà inú omi ha á títí orí ìka mi fi ń ta mí. Mo fi téépù bo fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrèsé tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo po aró pọ̀ mọ́ tínà títí tó fi ń ṣàn bíi mílíìkì, mo wá ń fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, léraléra, torí ìbọn ọ̀dà ò fẹ́ ìkánjú. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Tí ẹ bá jìnnà jù, á ti gbẹ kó tó débẹ̀, á dà bí eruku. Aró yẹn jókòó! Ó jókòó débi pé mo ń rí ojú ara mi nínú ẹ̀.

Funfun ló kọ̀. Ìbọn yẹn ò fẹ́ fín funfun, Bàbá Kékeré, mo fi orí mi búra. Mo tẹ̀ ẹ́, ó húkọ́. Mo yọ abẹ́rẹ́ inú ẹ̀, mo nù ún, mo tì í padà, ó tún húkọ́, ó tu itọ́ funfun sábẹ́ ilẹ̀kùn gáàdì, ní àyè yẹn gan-an tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀! Mo nù ún kúrò. Nígbà tí ìlà náà wá jáde tán, tó ṣì tutù, eṣinṣin kan bà lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbọn ìyẹ́, kò lè lọ. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ìwọ náà fẹ́ wọ rélùwéè ọ̀fẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín! Nǹkan ń kìlọ̀ fún mi, mò ń bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ya fọ́tò. Èmi ni, kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe ju fọ́tò lọ? Mo yà á nítòsí ìmọ́lẹ̀, mo ya ibi ìlà náà lọ́tọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Bàbá mi, ẹ wo ẹ̀bùn yín!" mo tún to àwòrán ọkàn pupa tẹ̀ lé e. Mo rí i pé wọ́n ti wò ó, àmì tó máa ń di búlúù yẹn di búlúù. Wọn ò fèsì. Mo ń dúró. Mo rò pé inú wọn ló dùn tí wọ́n ń sunkún. Àfi ìgbà tí fóònù dún, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ní, "Sìsítà, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá yín? Láti ìgbà tí wọ́n ti wo fóònù ni wọ́n ti dojú bolẹ̀, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

Mo sáré lọ, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n fà á. Wọn ò tilẹ̀ bínú sí mi! Ì bá ṣe pé wọ́n bínú, ì bá ṣe pé wọ́n sọ bàtà lù mí! Ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́ láti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí ọ̀kan nínú yín bá kú, kóòṣì tó fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, kó tó jáde, wọ́n á fa ìlà funfun sí i lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn gáàdì. Àyè yẹn ni wọ́n á kọ orúkọ òkú sí. Bàbá ní, "Èmi ni mo máa ń fà á. Mo fà á fún wẹ́dà wa tí à ń pè ní Iná-ò-jó-mi. Mo fà á fún Gbọ̀ngbọ̀n tó ń gbẹ́ táyà irin. Ìlà yẹn kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìní orúkọ, a kì í sì í nù ún nù. Tí a bá ti fà á, a ti fà á. Èmi ni mo fa ti gbogbo wọn, mo wá ń rò ó pé ta ló máa fa tèmi." Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìlà rẹ gún. Ó gún ju tèmi lọ."

Ẹ ń gbọ́ mi? Wọ́n yìn mí! Wọ́n yìn mí fún ìlà òkú tí mo fà fún wọn!

Ẹ má sọ ìyẹn. Ẹ má tún sọ ìyẹn, Bàbá Kékeré. Ìmúrasílẹ̀ wo? Ẹ ní dókítà fúnra ẹ̀ ló sọ pé ọ̀rọ̀ náà le? Dókítà ní ó le, kò ní ó parí! Ẹ ní kó má bàa bá wa lójijì, kí kóòṣì ti wà ní sẹpẹ́ láti dúró síwájú pálọ̀ lọ́jọ́ náà? Ọjọ́ wo? Ẹ pe orúkọ ọjọ́ náà kí n gbọ́!

Ó dáa, pákó tí ẹ fi ọ̀rá bò lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Ẹ ní kọ́bọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ kàn. Mo ṣí ọ̀rá yẹn lónìí. Kọ́bọ́ọ̀dù wo ló gùn bí ènìyàn, tó fẹ̀ níbi èjìká, tó wá rí ṣọnṣọ níbi ẹsẹ̀? Aṣọ ta lẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀? Mo sì rí yín lọ́jọ́sí tí ẹ ń fi okùn wọn ibùsùn wọn, mo ní kí lẹ ń wá, ẹ ní eku ni. Eku! Eku tó ga tó Bàbá!

Àti fìlà yẹn. Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí ẹ wọlé, mò ń bá ara mi jà pé kí n má sọ ọ́. Fìlà rélùwéè Bàbá ni, tó ní báàjì idẹ níwájú, ìṣó tí wọ́n fi ń kọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ń mí, ẹ ti dé fìlà ẹ̀! Wọ́n gbé yín sẹ́yìn nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́, wọ́n ní ẹ máa ń tọ̀ sí wọn lẹ́yìn. Ẹ ṣì ń tọ̀ sí wọn lẹ́yìn dòní!

Ẹ bọ́ ọ. Mo ní ẹ bọ́ fìlà yẹn, kí ẹ wá di ìdí kóòṣì yìí mú, èmi á di orí ẹ̀ mú. Ó ń lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e síwájú wọn, ẹ̀yin lẹ máa kúnlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn pé ojúkòkòrò ló fa ìlà yìí, kì í ṣe ikú. Ẹ máa fi ẹnu ara yín bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la. Tí wọ́n bá kọ̀, tí nǹkan bá ṣe wọ́n, mo fi Ẹlẹ́dàá mi búra, ẹ ò ní rí igun ilé tí ẹ máa fara pamọ́ sí tí n ò ní…

Ẹ dúró. Ẹ dúró ná, fóònù mi dún.

Bàbá ni. Ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ má lọ! Ẹ wá gbọ́ ọ, mo ti gbé ohùn ẹ̀ sókè.

"Ọmọ mi. Ṣé àbúrò mi wà níbẹ̀? Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Má nù ún o, a kì í nù ún. Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń wo fọ́tò yẹn. Mo wo àyè tó ní kí o fi sílẹ̀, mo fi ìka wọ̀n ọ́n. Kò tó. Orúkọ mi gùn, kò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò mi kúrú. Tirẹ̀ á wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ lọ́la. Nígbà tí mo bá jí, mo fẹ́ bá ọ̀dà náà ní gbígbẹ."

Há! Hà hà hà! Bàbá mi o! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nígbẹ̀yìn? Wọ́n ń lọ! Wọ́n máa lọ sínú yàrá iṣẹ́ abẹ! Bàbá Kékeré, níbo lẹ̀ ń lọ? Kí ló dé tí ẹ ń laagùn? Fìlà ti já bọ́ lórí yín, ẹ ò tilẹ̀ mọ̀! Ẹ padà wá, ẹ̀yin náà ṣebí ẹ ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn! Ìmúrasílẹ̀ mà ni o, kó má bàa bá wa lójijì! Pákó wà lẹ́yìnkùlé, àyè wà lábẹ́ ilẹ̀kùn gáàdì, ẹ sì wo inú ife ìbọn yìí, ẹ wò ó dáadáa: funfun tó kù síbẹ̀ ò tíì dì.