Nítorí Ìkíni, Ọkọ Mi Ṣí Kásìkì

Ọkọ mi ń jẹun, mo jókòó tì í, nítorí bí n kò bá sọ fún un pé ó ti yó, kò ní mọ̀. Ẹni tó ń fi máṣíìnì gbé èrò láàárín Tchaourou àti Alafiarou, tó mọ orúkọ gbogbo oníṣu ojú ọ̀nà, ló ń bi mí lónìí pé ta ni mí. N kò sunkún mọ́. Ẹkún kì í tún orí ṣe.

Ṣé ẹ mọ òfin kásìkì yìí, akoto tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá gun máṣíìnì máa dé? Nígbà tí àwọn pólísì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́bàá ojú irin, gbogbo wa ló kùn. Àwọn kan ń fi tiwọn kọ́ apá, àfi tí wọ́n bá rí pólísì kí wọ́n tó dé e. Ọkọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ilé ló ti ń dé tirẹ̀, á sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé àwọn tó ń ṣubú ṣì ń ṣubú, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá báyìí, orí fífọ́ ti dín kù. Bàbá mi nìkan ni kò gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àna kì í dé fìlà kí àna. "Ọkọ ọmọ mi ń dé ìkòkò kọjá níwájú mi," ohun tó ń sọ kiri nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọkọ mi, ó sì dùn ún gan-an.

Lọ́jọ́ kan tó gbé mi lọ sí oko káṣú, bàbá mi ń bọ̀ níwájú tòun ti ọkọ́ léjìká. Ọkọ mi tú okùn, ó fi ọwọ́ kan ṣí kásìkì, ó tẹríba: "Ẹ kú oko o, Bàbá!" Táyà yọ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tí a ṣubú, kásìkì tèmi ṣì wà lórí mi; òun, orí ló fi balẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o!

Iyanrìn ni bàbá mi dá lẹ́bi títí dòní. Ó ń gbé iṣu wá fún wa, ó ń bá mi káàánú. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún un pé nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ kiri ni ọkọ mi ṣe ṣí kásìkì, ẹyin lọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ti ní àfẹ́sọ́nà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọkùnrin náà máa ń wá kí wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó gun máṣíìnì bọ̀ láti Kika, kò tíì dúró tó ti ṣí kásìkì kí bàbá mi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi: "Ẹ̀kọ́ ilé rèé! Bí ọkọ tìẹ ṣe kí mi lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àna, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ yìí lè pa bàbá mi. Jímọ̀ mìíràn sì ti ń bọ̀.