Ẹsẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Ń Jí

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òkukù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi tí ìbànújẹ́ dá dùbúlẹ̀ ti ń lo oògùn dókítà. Ó gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí. Iṣu ìdúpẹ́ ni mò ń lọ rà."

"Ṣé inú rẹ̀ ti ń dùn, Màmá?"

"Kò tíì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti lókun."

"Okun yẹn gan-an là ń ṣọ́. Ẹsẹ̀ ni oògùn yẹn kọ́kọ́ ń jí, ọkàn kì í tètè jí. Ẹni tó fẹ́ kú tẹ́lẹ̀ lè wá rí okun pa ara rẹ̀. Ta lẹ fi tì í?"

"Mo ti ní kí àbúrò mi tó ń ṣọ́ ọ máa lọ sílé rẹ̀."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ọmọ mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ fóun, mo sì ti kó o fún un."

A ò tíì dé Inísà tí ìyá náà fi ń gbá ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.