Ìró Òòlù Lábẹ́ Ilé

Obìnrin méjì ló wà níwájú mi lórí ìlà, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará ilé wa kan ní Beltsville nílẹ̀ òyìnbó níbí, tí èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ń sọ ti ọkọ rẹ̀ fún àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mà, ọta ìbọn ló ń ṣe ní bésímẹ́ǹtì, nínú yàrá abẹ́ ilé wa. Wọ́n ta ẹrù aládùúgbò wa kan tó kú, ibẹ̀ ló ti ra irinṣẹ́ àtijọ́ tó fi ń ṣe é. Á rọ ẹ̀tù sínú kòròfo ọta, á wá máa fi òòlù gbá orí ọta wọ ẹnu rẹ̀."

"Ẹ̀tù, nínú ilé?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná mú omi gbóná ló ti ń ṣe é, mà. Ó ní kò léwu. Ṣùgbọ́n bí òòlù yẹn bá ti dún, mi ò kì í lè mí títí yóò fi tún dún."

"Kí ló fẹ́ fi ọta ṣe?"

"Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo bi í pé ẹ̀rù ta ni, ó kàn tún gbé òòlù rẹ̀ ni."

Àgbà náà ń tún un pè jẹ́jẹ́: "O ò kì í lè mí."

Fóònù èyí tó kéré dún. Ó wo orúkọ tó yọ níbẹ̀, ó ní ọkọ òun ni, ó gbé e. "Mò ń bọ̀ nílé," ló wí. "Ìlà ló gùn."

Bẹ́ẹ̀ òun ló kàn. Ẹni tó ń gbowó ti ń dúró dè é.