Ìkọ́kọrẹ́ fún Ìyá Ọkọ

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Fájuyì lọ sí Òkè-Ìlá nírọ̀lẹ́ àná, inú obìnrin kan tó jókòó tì mí ń dùn débi pé gbogbo wa là ń gbọ́ ohun tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná! Ìyá ọkọ mi wá kí wa. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ mí, ni mo bá ní kí n fi oúnjẹ wa ní Ìjẹ̀bú ṣe wọ́n lálejò. Mo rin ewùrà, mo ń ṣù ú sínú ọbẹ̀ ẹja lórí iná. Kò pẹ́ rárá, ìkọ́kọrẹ́ ti jinná!"

"O ò gún iyán? Fún ìyá Èkìtì tí kì í sùn láìjẹ iyán?"

"Mi ò fọwọ́ kan odó! Àmọ́ màmá jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n bù sí i, wọ́n tún fìka nu abọ́."

"Háà! O ti yege nìyẹn!"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kó abọ́, màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi: 'Ọmọ mi, ọbẹ̀ yìí mà dùn o! Uyán dà?'"