Ọta Tó Wúwo Bíi Kòkó

[Ìdànrè sí Àkúrẹ́, ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1956. Benedict Ọmọ́yẹlé, tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, ló ń fi fóònù pè láti sítọ̀ kòkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnníyì alágbẹ̀dẹ, ló gbé e ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ti ń rọ irin. Moríyọ̀ ni ọmọbìnrin tó so ìlà pọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó máa gbọ́.]

MORÍYỌ̀: Àkúrẹ́ rèé. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

BENEDICT: Hello! Hello! Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o! Ẹ kú iṣẹ́! Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́?

ÒGÚNNÍYÌ: Wọ́n wà. Ta ló kú?

BENEDICT: Kò sẹ́ni tó kú! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÒGÚNNÍYÌ: Mò ń gbọ́. Akọ̀wé kì í fi fóònù kí èèyàn lásán. Kí ló dé?

BENEDICT: Bàbá Joanna wà níbí. Bàbá Olúsànmí, tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n wá wo ibi iṣẹ́ mi. Everything is fine. Ọta tí ẹ ṣe fún mi nìkan ni—

ÒGÚNNÍYÌ: Ọta wo?

BENEDICT: Ti ìbọn ìléwọ́ tí òyìnbó ọ̀gá mi tà fún mi kó tó lọ sílé. Mo yìn ín níwájú Bàbá, kò dún.

ÒGÚNNÍYÌ: Kò dún báwo?

BENEDICT: Ó ní “pù.” [Ó fi ẹnu ṣe é. Ó ṣeni láàánú.] Bàbá bi mí bóyá ìbọn ni àbí ìdí mi.

ÒGÚNNÍYÌ: [ó ń rẹ́rìn-ín] Ṣé mi ò sọ fún ọ?

BENEDICT: Ẹ̀gbọ́n—

ÒGÚNNÍYÌ: Mo fi òjé rọ ọta fún ọ. Orí ẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó fúyẹ́, ó bá kóròfo ẹ̀ mu. O dì í sínú àpò ìwé, o dá a padà. O kọ “Rejected. Underweight” sí i lára—

BENEDICT: Ó fúyẹ́ jù! Mo gbé e sórí ìwọ̀n. Ohun tó bá wúwo ló—

ÒGÚNNÍYÌ: Kòkó nìyẹn! Kòkó tó wúwo ni grade one. Ṣé wọ́n fẹ́ fi ọta ìbọn ṣe ṣokoléètì ni?

[Ìlà ń ṣe gàràgàrà.]

BENEDICT: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÒGÚNNÍYÌ: Mo gbọ́. O ní kí n jẹ́ kó gùn, kó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, kó wúwo ní ìlọ́po méjì. Mo ní ẹ̀tù inú kóròfo kékeré yẹn ò lè tì í jáde. Odó lo gbé lé ọmọ ọwọ́ lórí.

BENEDICT: Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é?

ÒGÚNNÍYÌ: O ní n ò kàwé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kó o gbà á bó o ṣe fẹ́ ẹ.

BENEDICT: Ẹ dákun, báwo la ṣe máa jẹ́ kó dún? Mo ti sọ fún Bàbá pé London ni ọta náà ti wá.

ÒGÚNNÍYÌ: London? Mo ti wá di ará London, n ò mọ̀!

BENEDICT: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

ÒGÚNNÍYÌ: Èyí tó ní “pù” yẹn, ibo ló bà?

BENEDICT: Kò ba pátákó tí mo gbé ti ẹsẹ̀ òkè. Ó ní láti jẹ́ pé ó fò kọjá òkè ni. Á ti dé abúlé Atosin báyìí.

ÒGÚNNÍYÌ: Benedict. Òkúta Ìdànrè lo kọjú ìbọn sí. Ṣé òkúta dún?

BENEDICT: Rárá.

ÒGÚNNÍYÌ: Ṣé eruku sọ?

BENEDICT: Kò sọ. Mo ní ó fò—

ÒGÚNNÍYÌ: Kò fò! Ọ̀fun ìbọn ló há sí! Ṣé o gbọ́ mi?

BENEDICT: Ẹ ní kí ni?

ÒGÚNNÍYÌ: Ó há! Bí ẹnikẹ́ni bá tún un yìn, ìbọn yẹn á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́! Ọwọ́ ta ló wà?

[Òyìnbó tán lẹ́nu akọ̀wé.]

BENEDICT: Bàbá ni.

ÒGÚNNÍYÌ: Bàbá wo?

BENEDICT: Bàbá Joanna. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ dán an wò. Wọ́n wà níta, wọ́n ti— wọ́n ti di ojú kan.

ÒGÚNNÍYÌ: Pariwo!

BENEDICT: Kí n ní kí ni? Mo ti sọ pé London—

ÒGÚNNÍYÌ: London ló máa gé bàbá ọlọ́mọ lọ́wọ́!

MORÍYỌ̀: Mister Benedict, ẹ pariwo, ẹ jọ̀ọ́!

ÒGÚNNÍYÌ: Ta nìyẹn?

MORÍYỌ̀: Moríyọ̀ ni. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ pariwo!

BENEDICT: [lójú fèrèsé] Bàbá! Ẹ má yìn ín!

OHÙN LÁTI ÌTA: Kí lo wí?

BENEDICT: Ẹ má yìn ín, sà! Ọta yẹn ò dáa!

OHÙN LÁTI ÌTA: Ti London?

BENEDICT: Kì í ṣe— [ó húkọ́, ikọ́ tí kò sí lọ́nà ọ̀fun] Kì í ṣe London, sà.

OHÙN LÁTI ÌTA: Gbóhùn sókè! Etí mi ò gbọ́!

BENEDICT: KÌ Í ṢE LONDON! IRỌ́ NI MO PA! Ẹ̀GBỌ́N MI LÓ RỌ Ọ́, ÈMI NI MO NÍ KÓ WÚWO!

[Ẹ̀rín àwọn tó ń sá kòkó. Ó pọ̀, kò sì tètè tán.]

ÒGÚNNÍYÌ: Benedict! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé wọ́n ti gbé e sílẹ̀?

BENEDICT: Wọ́n ti gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ wọn pé. Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí gan-an.

ÒGÚNNÍYÌ: Kó máa tì ọ́. Ìtìjú kì í gé èèyàn níka.

BENEDICT: Wọ́n ń wọlé bọ̀. Wọ́n ń na ọwọ́ sí— ẹ gbà, sà.

BÀBÁ OLÚSÀNMÍ: Ẹ̀lóò. Ìwọ lo rọ ọta yìí?

ÒGÚNNÍYÌ: Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

BÀBÁ OLÚSÀNMÍ: O sọ fún un pé kò dáa?

ÒGÚNNÍYÌ: Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà.

BÀBÁ OLÚSÀNMÍ: Ìwọ náà lo ní kó pariwo?

ÒGÚNNÍYÌ: Èmi ni, sà. Ọlọ́run ló yọ wá.

BÀBÁ OLÚSÀNMÍ: Hẹn. Ṣé o ti láya nílé?

BENEDICT: [láti ẹ̀yìn] Bàbá!

[Ìlà já.]